Ẹni Tó Sùn Tì Mí Ló Rí I: Ọ̀rọ̀ Lórí Àìsàn Tí Ń Dá Èémí Dúró Lójú Oorun

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi Ọjọ́ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, Mpape, Àbújá

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera lọ́dún yìí, mo sọ fún un pé n kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe fún ọdún 33. Fáìlì ni mo ń kà, n kò gbé abẹ́rẹ́ rí. Ó ní ohun tí dókítà mọ̀ kọ́ ni ẹgbẹ́ fẹ́ gbọ́, ohun tí ojú mi rí ni. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí n tètè sọ òtítọ́ fún yín, ojú mi kò rí i. Mo ti sùn lọ nígbà tí gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ojú ìyàwó mi ló rí i.

Mo máa ń hanrun. Láti ìgbà tí mo ti lé ní ẹni 45 ni mo ti ń hanrun débi pé ará ilé kejì mọ àsìkò tí mo bá sùn. Ní ilé wa ní Ìkàrẹ́, bàbá mi ń hanrun, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà ń hanrun, a sì kà á sí àmì pé oorun dùn mọ́ ènìyàn. Bí ẹnìkan bá ń hanrun lọ́sàn-án, wọ́n á ní ẹ má jí i, iṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi yìí sùn ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 2009, kò sì jí mọ́. Ẹni 58 ni. Ó sanra, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa ru, kò sì sí ẹni tó ṣe àyẹ̀wò ohun tó pa á. A ní ikú ìrọ̀rùn ló kú, pé kò jẹ̀rora. N kò lè dúró níwájú yín lónìí kí n ní mo mọ ohun tó pa á. Ohun tí mo mọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn ìsìnkú, pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òun ti ń fi ìgúnpá gún un lóru kí ó tó lè mí.

Mo gbọ́ ọ, mo sì gbàgbé rẹ̀.

Ìyàwó tèmi náà ti ń sọ ọ́ nígbà tó yá. "Dádì, ẹ ń dákẹ́ lóru." Mo ní kí ló burú nínú kí ènìyàn dákẹ́ lóru? Ó ní ìdákẹ́ tí òun ń wí kọ́ nìyẹn. Ó ní n ó hanrun, n ó hanrun, lẹ́yìn náà n ó dákẹ́ lójijì. Àyà mi á máa gbé sókè sódò ṣùgbọ́n èémí kankan kò ní jáde. Òun á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ogún, ìgbà mìíràn títí dé ọgbọ̀n, kí n tó mí gùù bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú odò. Mo dá a lóhùn pé àlá ló ń lá. Ẹ gbọ́, ọkùnrin tó bá jiyàn pé òun kì í hanrun kì í ṣe òpùrọ́ o. Òun nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Ní ọ̀sán ńkọ́? Oorun ń kùn mí ṣáá. Mo ń sùn ní ìpàdé, mo ń sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń sùn lórí ìwé tí mo fẹ́ bu ọwọ́ lù. Orí á máa fọ́ mi láàárọ̀, ọ̀fun mi á gbẹ bí ẹni jẹ iyẹ̀pẹ̀. Mo sì ní àlàyé fún gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 2012 tí ìjọba ní àwọn yóò wó Mpape, ẹ̀yin tí ẹ ti wà níbí nígbà náà kò lè gbàgbé, mo ní ìrònú ilé ni kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ gíga Àbújá dá wa láre ní oṣù Kejì ọdún 2017, tí àdúgbò ń jó, mo jókòó sórí àga, mo sì ti sùn lọ kí ijó tó tán. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 tí ilẹ̀ Mpape mì tìtì fún bí ọjọ́ mẹ́ta, tí àwọn ènìyàn ń sá jáde sí ìta, ìyàwó mi ní òun kò kọ́kọ́ dìde, òun rò pé èmi ni. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ìtọ̀ pẹ̀lú ń gbé mi dìde, ìgbà mẹ́rin, ìgbà márùn-ún lóru. Ọkùnrin tó bá ti sún mọ́ 60, prostate ni yóò kọ́kọ́ ronú kàn. Mo lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní prostate mi kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi, oògùn mẹ́ta ni mo ń lò sí i, kò wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Níbi tí mo ti ń gba ìtọ́jú, wọ́n kàn ń pààrọ̀ oògùn fún mi ni. Kò sí ẹni tó bi mí bí mo ṣe ń sùn, èmi náà kò sì sọ. Ta ló ń lọ sọ́dọ̀ dókítà nítorí pé ó ń sùn?

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ogun òru, nítorí mo mọ̀ pé ó ti wà lọ́kàn àwọn kan nínú yín láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá jí lóru tí ọ̀fun rẹ̀ dí, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tó dà bí ẹni pé wọ́n jókòó lé e láyà, kí ni a ó sọ? A ó ní wọ́n wá bá a jà ni. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. A gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, a da òróró sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá. Àǹtí mi kan fi nǹkan ránṣẹ́ láti Ìkàrẹ́ pé kí n fi sí abẹ́ ìrọ̀rí. N kò ní sọ ohun tó jẹ́. N kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, mo ṣì ń gbàdúrà kí n tó sùn títí di òní. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2007, àwọn oníṣègùn méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Aina àti Famuyiwa, tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde lórí ogun òru láàárín àwa Yorùbá, wọ́n sì sọ pé ó ṣeé ṣe kí orúkọ yìí máa bo àwọn àìsàn kan mọ́lẹ̀, pàápàá àwọn tó ń da oorun láàmú, tí ìmọ̀ ìṣègùn ní orúkọ àti ìtọ́jú fún. Ìyàwó mi kò ka ìwé yẹn, ṣùgbọ́n òun ló bi mí ní ìbéèrè tí n kò rí dáhùn. Ó ní bí ọ̀tá bá ń bá yín jà lóòótọ́, kí ló dé tó jẹ́ pé nígbà tí ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀ ló máa ń pọ̀, tí ẹ bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ á dín kù? Kí ló sì dé tó jẹ́ pé alẹ́ tí ẹ bá mu bíà ìgò méjì níbi òde ni ọ̀tá náà máa ń lágbára jù?

Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà ni ọ̀nà Lokoja. Oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni, à ń lọ sí Ìkàrẹ́ fún Kérésìmesì. A ti kọjá Gwagwalada, a ń sún mọ́ Abaji, ọ̀sán gangan. Mo rántí tírélà kan níwájú mi. Ohun tí mo tún rántí lẹ́yìn rẹ̀ ni igbe ìyàwó mi àti ìró táyà lórí òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà. Òun ló fi ọwọ́ méjèèjì yí ọkọ̀ padà sí títì. Àwọn ọmọ ọmọ mi méjì wà lẹ́yìn. Mo dúró, mo sọ̀kalẹ̀, mo jókòó sí abẹ́ igi kan, n kò lè sọ̀rọ̀. Kò bú mi. Ó kàn ní: "Dádì, tí ẹ kò bá lọ rí ẹni tó mọ̀ nípa oorun, n kò ní wọ ọkọ̀ tí ẹ bá ń wà mọ́, àwọn ọmọ wọ̀nyí náà kò sì ní wọ̀ ọ́."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ní ilé ìwòsàn kan láàárín ìlú Àbújá, wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ kékeré kan pé kí n gbé e lọ sílé fún alẹ́ kan. Ìgbànú kan wà fún àyà, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà fún ihò imú, ohun kan tó ń tan iná pupa sì wà fún orí ìka. Nígbà tí mo dá a padà tí wọ́n kà á, dókítà ní èémí mi ń dúró tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ní ìgbà 41 láàárín wákàtí kan. Kí wọ́n tó kà á, ó gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá 10 ó kéré tán. Èyí tó gùn jù nínú tèmi jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 52. Ó ní bí kò bá tó ìgbà 5 ní wákàtí kan, kò sí wàhálà. Láti 5 dé 14, ó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti 15 dé 29, ó ti wọra. Bí ó bá ti di 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó le nìyẹn. Mo ṣe ìṣirò tèmi níwájú rẹ̀. Wákàtí méje lọ́nà 41 jẹ́ 287. Ìyàwó mi tó jókòó tì mí kò sọ pé ṣé mo wí? Ó kàn gbé ojú sílẹ̀.

Sleep apnea ni wọ́n ń pè é, apnea yìí wá láti èdè àwọn ará Gíríìkì, ó túmọ̀ sí àìmí. Bí dókítà ṣe là á yé mi nìyí. Nígbà tí a bá sùn, gbogbo iṣan ara á dẹ̀, títí kan iṣan ọ̀fun. Lára àwọn kan, ọ̀nà ọ̀fun á tẹ̀, ahọ́n á sì yẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀nà á há. Bí ó bá há díẹ̀, ìhanrun nìyẹn; bí ó bá pa dé, èémí dúró nìyẹn. Atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, títí ọpọlọ yóò fi ta ènìyàn jí. Kì í ṣe jíjí tí ènìyàn yóò rántí. Ọ̀fun á ṣí, ènìyàn á mí gùù, á tún sùn padà, òmíràn á tún bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọkàn ń sáré, ẹ̀jẹ̀ ń ru. Ìyẹn ló ń fà á tí ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn kan kì í fi gbọ́ oògùn, tí ó sì ń ṣí ọ̀nà fún rọpárọsẹ̀ àti àìsàn ọkàn. Ìtọ̀ òru náà, inú rẹ̀ ló ti ń wá.

Ẹni tó sanra tí ọrùn rẹ̀ ki ló máa ń mú jù. Ọkùnrin tí kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ bá lé ní ínǹṣì 17, kí ó fura. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ má ṣe fi wá ṣe ẹlẹ́yà, nítorí bí àgbọ̀n ṣe rí lè fà á pẹ̀lú. Ó ń mú obìnrin, pàápàá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dá. Ọmọdé tí ẹran ọ̀fun rẹ̀ wú, tó ń hanrun lálaalẹ́, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ọtí àti oògùn oorun máa ń mú un le sí i. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, kí ó sọ fún ẹni tí yóò fún un ní oògùn ìsùn pé òun ní in, kí ó tó dé orí tábìlì.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò pẹ́ láyé. Ṣáájú ọdún 1980, ihò ni wọ́n ń lu sí ọ̀fun àwọn tí tiwọn bá le. Ní ọdún 1980 yìí ni Colin Sullivan, dókítà kan ní Sydney ní Ọsirélíà, mú mọ́tò ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa eruku nílẹ̀, ó yí i padà kí ó máa fẹ́ dípò kí ó máa fà, ó sì darí atẹ́gùn náà sí imú aláìsàn. Ọ̀fun ṣí, aláìsàn sùn. Ní ọdún 1981, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. CPAP ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Kò sí oògùn nínú rẹ̀, kò sí ọ́síjìn nínú rẹ̀, atẹ́gùn inú yàrá náà ló ń fẹ́. Tèmi ń fẹ́ ní ìwọ̀n 11. Bí ẹ bá fi stírọ́ọ̀ sínú omi tó jìn ní sẹ̀ntímítà 11, tí ẹ fẹ́ ẹ títí omi fi hó, agbára tí ẹ lò yẹn náà ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ ẹ gbìyànjú kí ẹ fi í sun oorun! Alẹ́ àkọ́kọ́, ó dà bí ẹni yọ orí jáde ní fèrèsé ọkọ̀ tó ń sáré. Mo bọ́ ọ sílẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú. Alẹ́ kejì, atẹ́gùn ń jò lára ìbòmú sí ojú mi. Alẹ́ kẹta, mo gbé atẹ́gùn mì, inú mi wú bí ìlù, ẹ kò ní fẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀. Ọmọ ọmọ mi wọlé wá kí mi, ó rí rọ́bà lójú mi, ó sá padà, ó ní bàbá ti di awakọ̀ òfúrufú. Ojú tì mí. Ọkùnrin tí mo jẹ́ nílé yìí, ṣé bí n ó ṣe máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi nìyí títí n ó fi kú? Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo ti dá a padà sínú páálí.

Ìyàwó mi ló tún gbé e jáde. Ó ní kí n má fi sùn mọ́. Bí ìròyìn aago mẹ́sàn-án bá bẹ̀rẹ̀, kí n wọ̀ ọ́, kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n, kí n sì bọ́ ọ nígbà tí ìròyìn bá parí. Bí a ṣe ṣe é fún ọjọ́ mẹ́wàá nìyẹn, lójú ara wa, láìsí ìjà. Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ dókítà, ó bá wa tún un ṣe kí ó máa bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n 4, kí ó máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí mo bá ti ń sùn lọ. Ó ní ẹnu ni mo máa ń là sùn, ìbòmú tó bo imú nìkan kò lè bá mi mu; ó pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó bo imú àti ẹnu. Mo fá irùngbọ̀n mi kí ó lè lẹ̀ dáadáa. Ẹ má tètè sọ pé ẹ̀rọ kò bá yín mu. Ó lè jẹ́ ìbòmú ni. Wọ́n ní kí n lò ó fún wákàtí mẹ́rin lóru ó kéré tán. Ẹ̀rọ náà ń ka wákàtí fúnra rẹ̀, bí ìwé tí a máa ń fọwọ́ sí láàárọ̀ ní ọ́fíìsì, àmọ́ eléyìí kò ṣeé bá ọ̀rẹ́ fọwọ́ sí.

Mpape wá ní tirẹ̀. Ẹ mọ bí iná wa ṣe rí. Bí NEPA bá mú iná lọ lóru, ìbòmú kò ní fún ènìyàn pa, ó ní ojú ihò tí èémí ń gbà, ṣùgbọ́n ènìyàn á jí pẹ̀lú ìbínú. Jẹnẹrétọ̀ kò ṣeé tan mọ́jú. Inverter kékeré kan, bátìrì kan àti pánẹ́ẹ̀lì sólà méjì ni mo fi yanjú rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ náà kì í jẹ iná púpọ̀ bí a bá ti pa ibi tó ń mú omi gbóná. Omi yìí pẹ̀lú, distilled water ni wọ́n ní kí a máa lò, kì í ṣe omi tí a rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi káàkiri àdúgbò, kì í ṣe omi inú ọ̀rá, sísè kò sì sọ ọ́ di distilled. Bí n kò bá rí i rà, mo máa ń lò ó láìsí omi. Eruku kòtò òkúta wa ńkọ́, àti ọyẹ́? Asẹ́ funfun tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ á ti pọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ń pààrọ̀ rẹ̀, mo sì ń fi ọṣẹ fọ ìbòmú láràárọ̀.

Owó rẹ̀, inú owó ìfẹ̀yìntì mi ló ti jáde, kò sì kéré. Ọmọ mi tó wà ní London ní lọ́hùn-ún, NHS ló ń yá aláìsàn ní ẹ̀rọ náà láìgba owó. Níbí, àpò oníkálukú ni. Nítorí ìyẹn, àwọn kan ń ra tòkunbọ̀. N kò ní kí ẹ má rà á, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Philips pe àràádọ́ta ọ̀kẹ́ irú ẹ̀rọ yìí padà káàkiri àgbáyé, nítorí pé fóòmù inú wọn lè máa jẹrà, kí aláìsàn sì máa fà á símú. Kí ẹni tó fẹ́ rà á kọ́kọ́ wo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ó fi bi dókítà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn abẹ́rẹ́ kan, tirzepatide, fún àwọn tó sanra tí àìsàn yìí ń bá jà. Ó ń dín ara kù, ó sì ń dín àìsàn náà kù. Èmi fi ẹsẹ̀ rìn lórí òkè Mpape yìí ní tèmi, mo sì fi kílò mẹ́sàn-án sílẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti di méjì. Ẹ̀rọ náà kò wo àìsàn náà sàn o. Alẹ́ tí n kò bá lò ó, ó ti padà dé nìyẹn.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹjọ, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Ìtọ̀ kò gbé mi dìde lóru náà, orí kò fọ́ mi. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, ìyàwó mi ṣì ń sùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ pé aago márùn-ún àárọ̀ kì í bá a lórí ibùsùn. Ẹ̀rù bà mí, mo fọwọ́ kàn án léjìká. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ẹ jẹ́ n sùn sí i. N kò gbọ́ nǹkan kan lóru àná. Mo kàn sùn ni." Obìnrin yìí ti ń ṣọ́ mi lóru fún ọdún méje ó lé, bí ọlọ́dẹ tí kò ní ìsinmi, á sì tún lọ sí ìdí ọjà rẹ̀ láàárọ̀. Èmi tí n kì í dá ìròyìn ọmọ iṣẹ́ padà láìkà á, ìròyìn tí òun ń mú wá fún mi lálaalẹ́, n kò ṣí fáìlì rẹ̀ rí.

Ẹ̀rọ náà nìyí lórí tábìlì. Mo ti fọ ìbòmú rẹ̀ láàárọ̀ yìí, bátìrì rẹ̀ sì kún. Kí ẹni tó bá fẹ́ wá fọwọ́ kàn án, kí ó gbọ́ bí ó ṣe ń fẹ́. Kò pariwo tó fáànù. Ìyàwó mi wà ní ìlà kejì níbẹ̀ yẹn, òun ló wé gèlè aláwọ̀ ewé. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní ìbéèrè tí ẹ kò fẹ́ béèrè níwájú àwọn bàbá, òun ni kí ẹ lọ bá.